Ìwé ojoojúmọ́ yín, òjò tó wọ̀ ọ́, àti iyèméjì tó ń dé lálẹ́

Ìbéèrè tó dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ nìyí:

"Télọ̀ ni mí, ìtòsí Tákíé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 ni mo ti ń kọ ohun tójú mi ń rí lójoojúmọ́ sínú ìwé, nígbà míì sínú fóònù. Lálẹ́ mìíràn ó máa ń dùn mọ́ mi débi pé mi ò ní fẹ́ sùn. Lálẹ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, mà á máa bi ara mi pé ta ni mo jẹ́ tí mò ń kọ ìtàn ara mi, ta ló fẹ́ kà á. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mi ò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rù tún ń bà mí kí ẹlòmíì má lọ rí ohun tí mo kọ nípa ará ilé ọkọ mi. Lánàá, òrùlé jò, omi wọ ìwé náà. Ṣé kí n máa bá a lọ? Ìwé ló dáa ni àbí fóònù? Ìyá ìyá mi ṣì wà láyé, mo sì fẹ́ kọ oríkì wa lẹ́nu wọn kó tó pẹ́ jù."

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ojú òjò. Ọ̀rọ̀ ìwé tó tutù ni mo máa kọ́kọ́ mú, torí ìyẹn kò ṣe é sún di ọ̀la.

Ẹ má sá a sóòrùn. Oòrùn á jẹ́ kí ewé rẹ̀ wú kó sì wọ́, yíǹkì rẹ̀ á sì ṣá. Inú ilé, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ló yẹ kó wà. Tí iná bá wà, ẹ tan fáànù sínú yàrá náà, ṣùgbọ́n kó má kọjú sí ìwé tààrà. Ẹ fi tíṣù funfun tí kò ní òdòdó kankan lára há àárín ewé mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí etí tíṣù yọ síta díẹ̀. Bó bá ti rin, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ewé tó bá lẹ̀ mọ́ra, ẹ má fi èékánná yà á nígbà tí omi ṣì wà lára rẹ̀, ó máa fà ya ni. Ẹ jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, kí ẹ wá fi ọ̀bẹ tí kò mú wọlé láti igun rẹ̀, jẹ́jẹ́. Mo mọ̀ pé áyọ́ọ̀nù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má ṣe fi lọ ìwé náà, nítorí ooru rẹ̀ á yọ́ gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ìwé, ewé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láàárín ọjọ́ kan sí méjì ni ìwé tutù ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Tí ẹ bá ti rí funfun-funfun lára rẹ̀, ẹ má nù ún lójú ẹsẹ̀. Tó bá ṣì tutù tí ẹ ń nù ún, ṣe lẹ ń tẹ̀ ẹ́ wọ inú ewé lọ. Ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, ẹ gbé e síta, ẹ fi aṣọ bo imú, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbá a kúrò. Ojú ìwé tó bá ti ṣe é kà, ẹ yà á ní fọ́tò lójú ẹsẹ̀, kódà bí gbogbo ìwé náà ò bá tíì gbẹ tán. Tó bá jẹ́ báírò lásán lẹ fi kọ ọ́, ọ̀pọ̀ jù lọ ohun tẹ́ ẹ kọ á ṣì wà ńbẹ̀, nítorí òróró ló wà nínú yíǹkì báírò, omi kì í tètè fọ̀ ọ́. Báírò olómi tó ń ṣàn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lórí ìwé, tí wọ́n ń pè ní jẹ́ẹ̀lì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń tàn tí omi bá kàn wọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo lè ní kí ẹnikẹ́ni fi kọ ìwé tó fẹ́ fi pẹ́. Pẹ́ńsù sàn jù ú lọ fíìfíì: omi kì í fọ pẹ́ńsù, ìmọ́lẹ̀ kì í sì í mú un ṣá. Kí nǹkan má kàn máa ha á ni.

Ó wá kan iyèméjì yín. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ìwé tuntun ni, ó ń dùn lọ́wọ́. Tó bá wá tó oṣù kejì tàbí ìkẹta, ọ̀rọ̀ kan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà wá: ṣọ́ọ̀bù, ọmọ, oúnjẹ, iná tí kò sí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gbé ìwé jù sílẹ̀, wọ́n á ní ayé àwọn kò ní nǹkan tó ṣe é kọ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ayé wọn kò ní àléébù kankan. Ohun tí wọ́n ń mú nínú rẹ̀ ni kò tọ́. Ẹ wo irú ewé yìí, tó wọ́pọ̀ gan-an:

"Ọjọ́ òní lọ dáadáa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹnì kan ṣe ohun tó dùn mí, ṣùgbọ́n mo fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ayé le, ká ṣáà máa gbàdúrà."

Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá fi máa di àmọ́dún, ẹ̀yin gan-an tí ẹ kọ ọ́ kò ní mọ ẹni tó ṣe yín ní nǹkan, ẹ ò ní mọ ohun tó ṣe, ẹ ò sì ní mọ ọjọ́ òní yàtọ̀ sí àná. Irú ewé bẹ́ẹ̀ tó bá ti pọ̀, ó di dandan kí èèyàn máa bi ara rẹ̀ pé kí ni mò ń kọ gan-an. Ẹ wá fi wé èyí tí mo kọ ṣe àpẹẹrẹ:

"2025-05-14, Ọjọ́rú. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kò dá títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá ìyàwó gbé léèsì yáàdì márùn-ún wá fún bùbá àti ìró. Ó ní kí n má jẹ́ kí ọwọ́ bùbá kọjá ìgúnpá: 'Ooru ọjọ́ ìyàwó kì í ṣe kékeré, ọmọ mi.' Mo gba ìlàjì owó. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14 kán mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì lórí kọ́là kan ṣoṣo. Ẹ̀lúbọ́ ti fi igba náírà lé lórí kóńgò lọ́jà Arówómọ́lẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n inú mi ò bàjẹ́."

Ìlà díẹ̀ náà ni, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò lọ sí i. Ohun kan wà ńbẹ̀ tí ojú rí, ohun kan wà tí etí gbọ́ bó ṣe jáde gẹ́lẹ́ lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́, iye kan sì wà pẹ̀lú òṣùwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀yìn ìwọ̀nyí ni ọkàn yín ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ tirẹ̀. Bó ṣe tẹ̀ léra yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé e. Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ tí ọkàn fi ń sọ ara rẹ̀ kò pọ̀: inú mi dùn, ó dùn mí, ó ti sú mi. Tọ́jọ́ mẹ́wàá bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ọjọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá á jọra. Ohun tójú rí àti ohun tí etí gbọ́ kì í tán bọ̀rọ̀. Ní ti iye, ẹ má kọ owó láìkọ òṣùwọ̀n àti ọjà. Kóńgò ibì kan lè má rí bíi ti ibòmíràn, "gàrí ti wọ́n" kò sì ní sọ nǹkan kan fún ẹni tó bá kà á lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ẹ kọ ọ́ bóyá kóńgò ni, dẹ̀ríkà ni, àpò ni, àti ibi tẹ́ ẹ ti rà á.

Àwọn ọjọ́ kan wà láàárín ọdún tí ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kó lọ láìkọ ọ́: ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí kajú lọ́jà, àárọ̀ tí ọyẹ́ kọ́kọ́ gbẹ yín létè. Lọ́dún àkọ́kọ́ wọn ò ní jọ yín lójú. Lọ́dún kejì ẹ máa rí nǹkan tẹ́ ẹ lè fi wọ́n wé. Fún télọ̀, ẹ fi ti iṣẹ́ kún un: ọjọ́ tí iṣẹ́ Iléyá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ọjọ́ tẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn pé ẹ ò gba aṣọ mọ́, iye aṣọ tó kù lọ́wọ́ nígbà tí ọdún dé. Ìgbádùn tó pẹ́ jù nínú ìwé ojoojúmọ́, irú ibẹ̀ ló ti ń wá, kì í tètè dé. Ẹ máa ṣí ìwé tọdún tó kọjá wò, ẹ á rí wàhálà kan tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ á sì rí i pé kò tiẹ̀ sí lọ́kàn yín mọ́ pé ó ṣẹlẹ̀ rí. Àríyànjiyàn á dé nínú ilé lórí ìgbà tí wọ́n san owó ilé, ẹ á ṣí ìwé, ọ̀rọ̀ á tán.

Ẹ bi mí pé ta ló máa kà á. Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹ̀yin fúnra yín lọ́dún márùn-ún sí i. Ẹ kọ ọ́ sí ẹni yẹn: kò rántí ẹni tí "ìyá yẹn" jẹ́, kò rántí ṣọ́ọ̀bù tó wà lọ́tùn-ún tiyín. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tí ẹni tó ń kọ ọ́ rò pé kò níye lórí ni àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sábà máa ń wá kiri. Ìbàdàn kò jìnnà sí wa: Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù oníkòkó, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìwé ojoojúmọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó tí kò tó, gbèsè, ilẹ̀ àti wàhálà inú ẹbí ló kún inú rẹ̀. Ilé ìkówèésí Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn ni ìwé náà wà lónìí, àwọn onímọ̀ ìtàn sì ń tinú rẹ̀ wá mọ bí ayé ṣe rí fún ọ̀mọ̀wé Ìbàdàn láyé òyìnbó amúnisìn. Gbèsè tó ń ká ọkùnrin náà lára lálẹ́ ọjọ́ náà lọ́hùn-ún ni wọ́n ń kà.

Bí ẹ ṣe máa padà sídìí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì nìyí. Ẹ má san gbèsè ọjọ́ tẹ́ ẹ ò kọ. Ẹ má jókòó pé ẹ fẹ́ kọ ọjọ́ mẹ́rìnlá tó ti lọ. Ọjọ́ kẹta ló máa sú yín, ìwé á sì tún padà sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ kọ déètì òní, ẹ fi ìlà kan sọ pé ẹ ò kọ nǹkan kan láti ọjọ́ báyìí-báyìí, kí ẹ máa bá tòní lọ. Bí nǹkan pàtàkì kan bá ṣẹlẹ̀ láàárín rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ déètì òní, kí ẹ sọ pé "mo ń rántí Àìkú tó kọjá". Ẹ má kọ ọ́ bí ẹni pé ọjọ́ náà gan-an lẹ kọ ọ́. Iyè èèyàn máa ń rà, á sì máa fi ọjọ́ kan pe òmíràn. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé déètì kan nínú ìwé yín kì í ṣe òótọ́, ẹ ò ní lè fi ọkàn tán èyí tó kù.

Ìlà márùn-ún sí mẹ́jọ ti tó fún ọjọ́ kan. Lálẹ́ tó bá dùn mọ́ yín, ẹ má kọjá ojú ewé méjì. Ẹni tó bá kọ ojú ewé mẹ́fà lónìí á máa bẹ̀rù ìwé lọ́la. Ẹ dúró nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́nu, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré sísàlẹ̀ tí yóò rán yín létí ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ibi tó dáa láti kọ ọ́, oorun ló ń borí níbẹ̀. Ẹ fi ìwé náà síbi tẹ́ ẹ ti ń da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ lálẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ da aṣọ bò ó, ọwọ́ yín á kan ìwé. Ohun tẹ́ ẹ ń ṣe lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀ ló máa ń fa èyí tí kò tíì mọ́ra lọ́wọ́. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì sórí páálí tẹ́ ẹ fi ń gé pátánì, yóò dúró títí dalẹ́.

Ẹ má máa ka ẹ̀yìn lálaalẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó. Tẹ́ ẹ bá sì rí ohun tó tì yín lójú, ẹ má fa ewé náà ya. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òwú yóò tètè lóye èyí: nínú ìwé tí wọ́n fi òwú rán, ewé tó wà lápá ọ̀tún àti èkejì rẹ̀ lápá òsì, bébà kan náà tí wọ́n ṣẹ́ po ni. Tẹ́ ẹ bá fa ọ̀kan ya, èkejì ò ní nǹkan tó dì í mú mọ́, á já bọ́ lọ́jọ́ kan tẹ́ ẹ ò retí, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ràn sì lè wà lórí rẹ̀. Ẹ fi ìlà kan ṣoṣo fa ọ̀rọ̀ náà kọjá, kí ẹ fi báírò aláwọ̀ mìíràn kọ èrò yín tòní sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú déètì.

Ìwé ni àbí fóònù? Ìdáhùn tèmi ni pé kí ìwé jẹ́ ilé rẹ̀, kí fóònù jẹ́ ẹ̀dà rẹ̀. Ẹni tó bá jí fóònù kò ní dá ohun tẹ́ ẹ kọ padà, fóònù tó bá já sómi lè má tan mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nótì orí fóònù kì í sí níbòmíràn àfi lórí fóònù náà nìkan. Ìwé kò nílò ṣáájì. Ṣùgbọ́n ìwé ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ ti rí ohun tí òjò alẹ́ kan lè fi ṣe.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ìwé tuntun, ẹ ra ẹlẹ́yìn líle. Ẹ ṣí i lágbedeméjì ní ìsọ̀ náà kẹ́ ẹ tó sanwó, kí ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí òwú. Èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù nìkan lẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á là nígbà ọyẹ́. Èyí tó ní wáyà róbótó lẹ́gbẹ̀ẹ́, wáyà náà á dípẹtà, ihò ewé á sì máa ya. Ẹ kọ nọ́ńbà sójú ewé kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rà á, kí ẹ sì fi ewé méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀ lófìfo fún atọ́ka: "Ìgbéyàwó àbúrò, 43. Ẹ̀rọ bàjẹ́, 51, 88." Láìsí atọ́ka, tí ìwé bá ti di mẹ́ta, ẹ ò ní lè rí nǹkan kan nínú wọn.

Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ nǹkan mọ́ ojú ìwé. Á pọ́n, á sì fi àbàwọ́n sílẹ̀ nígbà tó bá ṣí. Píìnì máa ń dípẹtà. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi sítáàṣì ṣe, oúnjẹ aáyán àti kòkòrò ajẹ̀wé ni. Ẹ lẹ àpò ìwé kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn páálí, kí ẹ máa kó fọ́tò àti ìwé ìpè sínú rẹ̀. Ọ̀kan tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni rísíìtì POS. Ooru ló ń kọ ọ̀rọ̀ sára irú bébà yẹn, ooru náà ló sì ń pa á rẹ́. Láàárín oṣù díẹ̀ ó lè di bébà funfun lásán. Ẹ fi ọwọ́ da iye owó, ọjọ́ àti orúkọ ibi tẹ́ ẹ ti san án kọ sínú ìwé.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ ya fọ́tò ojú ewé tọ̀sẹ̀ náà. Àárọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló dáa jù, láìtan iná fóònù, kí fóònù wà lókè ìwé gan-an, kó má dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi ọdún ṣáájú orúkọ fáìlì, kí oṣù tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ gbẹ̀yìn: 2025-05-14. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ lẹ fi ṣáájú, gbogbo ọjọ́ kìíní inú oṣù méjèèjìlá á tò mọ́ra wọn, ẹ ò ní mọ ibi tẹ́ ẹ wà. Kí fọ́tò náà wà lórí fóònù, kó wà nínú fláàṣì tàbí mẹ́mórì, kó sì tún wà ní ibi kan tí kì í ṣe inú ilé yín: ímeèlì tiyín, tàbí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tó ń gbé nílùú mìíràn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá, ẹ lọ sínú ètò èdè lórí Gboard, ìyẹn kíbọ́ọ̀dù Google tí wọ́n fi ń tẹ̀wé lórí fóònù, ẹ yan Yorùbá. Lẹ́tà tẹ́ ẹ ò bá rí lójú bátánì, ẹ tẹ èyí tó sún mọ́ ọn mọ́lẹ̀ díẹ̀, àmì á yọ sókè. Bí àkókò kò bá gbà yín láti fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀, ẹ má fi orúkọ èèyàn àti orúkọ ibi sílẹ̀ láìlámì.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀dà yìí ti pọ̀ jù. Ọ̀yọ́ tó wà nítòsí wa ni Àlùfáà Samuel Johnson ti parí ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ, lọ́dún 1897. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé kan n'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú lọ́dún 1901 láìfojú kàn án mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló kó àwọn nótì àti àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tó fi sílẹ̀ jọ, tó sì tún ìwé náà kọ látinú wọn. Nígbà tí wọ́n tún fi ránṣẹ́ lọ́dún 1916, àwọn Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi Appam tó gbé e, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde. Bí kì í bá ṣe ti nótì tí kò jọ nǹkan kan lójú, tó wà nílé nígbà tí ojúlówó ìwé sọnù lókè òkun, a kì bá tí ní in lónìí. Ìwé ìròyìn iṣẹ́ tí Johnson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń kọ fún ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS náà, ẹ̀dà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí London ni àwọn onímọ̀ ṣì ń kà ní Birmingham.

Nípa ará ilé ọkọ yín, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ ohun tó dùn yín. Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sórí bébà lásán, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá ṣì wúlò lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ àti ohun tí wọ́n ṣe, bó ṣe rí gẹ́lẹ́, kí ẹ wá kọ bó ṣe rí lára yín. Ẹ má kọ ìwà wọn: "ó sọ̀rọ̀ sí mi níwájú oníbàárà" dára ju "ìkà ni" lọ, nítorí èyí àkọ́kọ́ á ṣì jẹ́ òótọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ti parí ìjà. Àṣírí tẹ́nì kan fi pamọ́ sọ́dọ̀ yín, àìsàn ẹlòmíràn, ẹni tó lóyún tí kò tíì sọ, kí ìwọ̀nyí má dénú ìwé rárá. Àmì kékeré dípò orúkọ kì í bo nǹkan kan nínú ilé tí gbogbo yín ti mọra. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. PIN, nọ́ńbà àkáǹtì àti pásíwọ̀dù kò gbọdọ̀ wà ńbẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún ọkọ yín pé ẹ ń kọ ìwé. Ìwé tí wọ́n mọ̀ pé ó wà kì í fa ìfura bí èyí tí wọ́n ṣèèṣì bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wà ní títì, àpótí páànù tó ní àgádágodo ti tó.

Àpótí náà, ẹ gbé e ka búlọ́ọ̀kù méjì, kó má fara kan ògiri, nítorí inú ilẹ̀ àti ara ògiri ni ikán ń gbà wọlé, wọ́n á ti jẹ àárín ìwé tán kẹ́ ẹ tó rí i lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rá di ìwé tí kò gbẹ dénú. Omi tó wà lára rẹ̀ kò ní ríbi jáde. Ẹ máa ṣí àpótí náà wò lóṣooṣù.

Oríkì ló kù, òun ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ọkàn sí jù, torí kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbì kankan àfi lẹ́nu Màmá. Ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó tan fóònù, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe. Ẹ lọ ní àárọ̀, nígbà tí ara wọn dá, kí ariwo jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ pa fáànù. Ẹ gbé fóònù sórí aṣọ tẹ́ ẹ ká, ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan sí ẹnu wọn. Tó bá wà lórí tábìlì lásán, gbogbo bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ kan tábìlì ló máa wọ inú ohùn náà. Ẹ fi ohùn tiyín bẹ̀rẹ̀: déètì, ibi tẹ́ ẹ wà, orúkọ wọn, ilé tí wọ́n ti wá. Ìṣẹ́jú ogún ti tó fún ẹ̀ẹ̀kan, ẹ padà lọ lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ má sọ fún wọn pé "ẹ ka oríkì fún mi". Ọ̀pọ̀ àgbà kì í lè kà á sínú afẹ́fẹ́. Ẹni tí wọ́n ń kì ni wọ́n nílò. Ẹ mú ọmọ yín kan dání, kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀ kí wọn ní àárọ̀, kí ẹ ní kí wọ́n kì í. Tí wọ́n bá dánu dúró, ẹ má bá wọn parí rẹ̀, ẹ dákẹ́. Ọ̀rọ̀ tí kò yé yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ parí, kẹ́ ẹ wá béèrè: ta ni wọ́n ń pè báyìí, kí ló ṣe, ìlú wo ni?

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà ni kí ẹ gbọ́ ọ kọ sílẹ̀, nígbà tí etí yín ṣì rántí. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe pè é. Bí Màmá bá ń sọ ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní abúlé wọn, ẹ má sọ ọ́ di ti ilé ìwé. Gbogbo ibi tí wọ́n ti mí, ẹ bọ́ sí ìlà tuntun. Ojú ewé ọ̀tún nìkan ni kí ẹ máa kọ oríkì sí, kí ẹ fi ti òsì sílẹ̀ lófìfo fún àlàyé. Ibi tẹ́ ẹ ò gbọ́ dáadáa, ẹ fa ìlà sí, kí ẹ kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá tó wà nínú ohùn náà, dípò kí ẹ méfò. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ padà lọ kà á fún wọn. Wọ́n á ní "rárá o, kì í ṣe bẹ́ẹ̀", wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á sì rántí ìlà méjì tàbí mẹ́ta tí wọn ò sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ tan fóònù lọ́jọ́ náà pẹ̀lú. Tó bá sì ti wà nínú ìwé tán, ẹ má pa fáìlì ohùn rẹ́ pé kí àyè lè wà lórí fóònù. Ẹ kó o sí ibi mẹ́ta tí fọ́tò ìwé yín wà, pẹ̀lú déètì àti orúkọ Màmá lórí rẹ̀.